Bàbá dé láti Àbíjàn, ìyá ọmọ ní kò gbọdọ̀ fẹnu ko ọmọ

Ọ̀la ni ìsọmọlórúkọ tí bọ́ọ̀sì Àbíjàn já bàbá ọmọ sílẹ̀ ní Èjìgbò. Wọ́n ti la Gánà, Tógò àti Benin kọjá. Oòrùn àti àìsùn ti ṣe tiwọn. Ètè rẹ̀ ń yún un, ó ń ta á, kílẹ̀ tó mọ́, ó ti lé ròrò olómi. Ó ní ibà ló sọ sóun lẹ́nu. Ló bá tú kápúsù tetracycline, ó da lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ sí i.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ o, owó wọn ni wọ́n ń sọ nù. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, kápúsù yẹn ò sì ràn án. Tó bá ti wọ ara, kì í jáde mọ́. Á kàn sá pamọ́ ni, ibà tàbí àárẹ̀ á tún jí i. Kírímù acyclovir ló ń dín in kù, téèyàn bá tètè fi pa á. Láìṣe bẹ́ẹ̀, á san fúnra rẹ̀ ní bíi ọjọ́ mẹ́wàá.

Bàbá nawọ́ sọ́mọ. Ìyá ọmọ gbá a mọ́ra.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fẹnu kò ó. Nọ́ọ̀sì ní ó lè pa jòjòló."

Ìyá ọkọ fa ojú ro: "Ọmọ ẹ̀ kọ́ ni?"

Bàbá ò fèsì. Ó lọ fọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ, ó gbé ọmọ, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ṣíbí tiẹ̀ lọ́tọ̀ ni wọ́n fi bu oyin fún un, gbogbo ẹbí ń wò ó.