Àgbà Ìkóríta Ti Lọ: Ìdárò Ibùdókọ̀ Rélùwéè Àtijọ́ ní Dallas

Erin wó ní Dallas, ọmọ tó bí kò sì mọ̀ pé òun ti di ọmọ òrukàn. Old Union Depot ni ayé ń pè é: ibùdókọ̀ rélùwéè tó jókòó sí ìlà-oòrùn ìlú, níbi tí irin tó ti Houston bọ̀ ti dábùú irin tó ń ti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Baba afèéfín-kálejò. Agbérò-má-bèèrè-ìlú. Agbówùú-tà-káyé. Àgbà tí í fi fèrè dágbére fún onílé, tí í sì fi fèrè kan náà kí àjèjì káàbọ̀. Àwa tí à ń gbé Dallas lónìí, onílé àti àtìpó, títí kan àwa Yorùbá tí a bá ìlú náà nígbà tó ti gbó, gbèsè ẹkún rẹ̀ ń bẹ lọ́rùn gbogbo wa.

Kí irin tó dé, odò ni wọ́n gbójú lé. Ní 1841 ni John Neely Bryan tẹ̀dó sí etí odò Trinity, ó ń retí pé ọkọ̀ ojú omi yóò máa ti etí òkun gòkè wá. Odò já wọn kulẹ̀. Ọkọ̀ tó kúrò ní Galveston ní 1867 lò ju ọdún kan lọ lójú omi kó tó fojú kan Dallas.

Àwọn àgbà ìlú ló wá lọ bẹ irin. Ilé-iṣẹ́ Houston and Texas Central fẹ́ gba ìlà-oòrùn kọjá lọ ní tirẹ̀. Ìlú san 5,000 dọ́là fún un, ó fi ilẹ̀ éékà 115 lé e, William Gaston tó ni ilé ìfowópamọ́ sì yọ̀ǹda ilẹ̀ tí ibùdókọ̀ náà yóò jókòó lé. Ní oṣù Keje 1872, ọkọ̀ ilẹ̀ àkọ́kọ́ fọn fèrè wọlé.

Bí irin kejì ṣe dé ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Texas and Pacific fẹ́ gba gúúsù, níbi tó jìnnà sí Dallas. John Lane, ẹni tó ti ṣe olórí ìlú náà rí, wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Texas nígbà náà. Ó ki gbólóhùn kan bọ inú òfin tí wọ́n ṣe fún ilé-iṣẹ́ náà, pé irin tuntun gbọ́dọ̀ dábùú ti Houston láàárín máìlì kan sí ìsun omi Browder. Wọ́n fọwọ́ sí i. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n tó mọ̀ pé ẹ̀yìnkùlé Dallas ni ìsun omi ọ̀hún wà! Inú bí ilé-iṣẹ́ náà, ìlú sì fi 200,000 dọ́là tù ú lójú. Ní 1873, irin méjèèjì dábùú ara wọn. Ìkóríta dé, ìlú dé.

Ní 1880, ènìyàn 10,358 ni wọ́n kà ní Dallas. Ní 1890, wọ́n ka 38,067, kò sì sí ìlú tó pọ̀ tó o ní gbogbo Texas. Baba ló kó wọn jọ. Awọ ẹfọ̀n gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, ìdì owú gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, èrò kò sì yéé sọ̀. Ní 1897, ilé ńlá rọ́pò àgọ́ kékeré tó fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí Dùgbẹ̀ ṣe gbèrú lẹ́yìn tí irin Èkó dé Ìbàdàn ní 1901 mọ irú baba tí mò ń wí.

Ṣùgbọ́n a kò ní fi owú àti owó nìkan kì í. Àwọn ènìyàn dúdú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú ló tẹ̀dó sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin rẹ̀. Deep Ellum ni àdúgbò wọn. Central Track ni wọ́n ń pe ẹ̀bá irin náà. Láàárọ̀, àwọn ọkùnrin á dúró síbi tí Òpópónà Elm ti pàdé irin, ọkọ̀ á wá kó wọn lọ sóko owú. Níbẹ̀ náà ni Blind Lemon Jefferson, afọ́jú olórin, máa ń wà, gìtá láyà, agolo lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá fẹ́ ta á lọ́rẹ. Ó ń kọrin, gìtá ń dá a lóhùn. Lead Belly, olórin bíi tirẹ̀, bá a ṣeré níbẹ̀. Nígbà tó fi di 1926, àwo orin afọ́jú náà ti ń tà káàkiri Amẹ́ríkà. Àgbà tó gba ẹrú àná mọ́ra, tó fi ìkóríta ṣe pápá ìṣeré fún afọ́jú, ọba ni.

Ikú baba kò dé lọ́jọ́ kan. Ní 1916, wọ́n ṣí Union Terminal sí ìwọ̀-oòrùn ìlú, ilé funfun tí Jarvis Hunt yàwòrán rẹ̀, wọ́n kó ọ̀pọ̀ èrò lọ síbẹ̀, agbára àgbà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Wọ́n hú irin kúrò lójú Òpópónà Pacific. Ní 1935, wọ́n wó ilé náà palẹ̀. Ọ̀nà irin Houston di títì Central Expressway, tí wọ́n ṣí apá àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 1949, títì tí kò dá itẹ́ òkú àwọn tó bọ́ lóko ẹrú pàápàá sí, orí rẹ̀ ló gbà kọjá. Ní 1973, títì mìíràn gba òkè orí Deep Ellum, ó sì là á kúrò lára àárín ìlú.

Baba, o lọ. Ó dàrìnnàkò, ó dojú àlá. Ọkọ̀ ń sáré lókè ibi tí o ti ń gba àlejò, awakọ̀ kò mọ orúkọ rẹ. Èrò tó ń ti Èkó bọ̀ ń gba ojú òfurufú wọ Dallas, fèrè kankan kò sì kí wọn káàbọ̀. Sùn un re, abìlú-má-gbọ̀wọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó wà ní Dallas, Garland, Richardson àti Irving, ẹ mú àwọn ọmọ yín lọ sí Deep Ellum. Ọkọ̀ ojú irin DART ti ń dúró níbẹ̀ láti 2009. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ rìn dé ibi tí Òpópónà Elm ti gba abẹ́ títì kọjá, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ibẹ̀ ni wọ́n ti bí ìlú tí à ń jẹun nínú rẹ̀.