Ta Ni Òṣòdì?

Ìsọlọ̀ ni ilé mi wà; Òṣòdì ni mo ti ń kọ́ni ní èdè Yorùbá. Ní ọjọ́ kan tí a ń sọ̀rọ̀ lórí orúkọ ìlú, ọmọkùnrin kan na ọwọ́ sókè. Tápà ni àwọn òbí rẹ̀, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ a sì máa fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ta ni Òṣòdì?" Ojú tì mí láti wí pé n kò mọ̀. Mo ní ọdẹ kan tí ó kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó ni. Gbogbo kíláàsì kọ ọ́ sínú ìwé.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún àgbà olùkọ́ kan tí a bí ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ó rẹ́rìn-ín títí. "Ọdẹ kẹ̀? Lọ sí Ẹpẹ́tẹ̀dó, kí o fi ẹsẹ̀ ara rẹ rìn ín." Bí ó ṣe di ọjọ́ Sátidé nìyẹn tí èmi, bàbá náà, ọmọ náà àti mẹ́rin nínú ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ wọ danfó lọ sí Èkó.

Ojúde Tinúubú ni a ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn. Orúkọ Ẹfúnróyè Tinúubú ni ibẹ̀ ń jẹ́, obìnrin oníṣòwò tí wọ́n lé kúrò ní Èkó ní 1856. Àwọn ọmọ fẹ́ rí Ilojo Bar, ilé tí ìdílé Fernandez kọ́ ní 1855, tí ìjọba sì kéde ní 1956 pé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ni. Kí ni a óò fi hàn wọ́n? Wọ́n ti wó o palẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 2016. Bàbá kàn na ọwọ́ sí ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀ ni, ó sì ń lọ.

Ní iwájú Ìgá Ìdúngànrán, tí ó jẹ́ oko ata Arómirẹ́ kí ó tó di ààfin, ni ó ti dá wa dúró. Ó ní ọmọ Tápà ni ẹni tí à ń wá. Ẹrú ni ó jẹ́ ní ọ̀dọ̀ Ọba Ọ̀ṣìnlókun, kí ó tó di olórí ogun fún Ọba Kòsọ́kọ́. Nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn sí Èkó ní oṣù Kejìlá 1851, ó bá ọba rẹ̀ sá lọ sí Ẹ̀pẹ́.

Mo ń wo ojú ọmọ náà. Inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ó fi béèrè bóyá òótọ́ ni pé òwò ẹrú ni Kòsọ́kọ́ ń ṣe. Bàbá ní òótọ́ ni, Òṣòdì Tápà pàápàá sì ní ọwọ́ nínú rẹ̀.

"Ẹni tí ó ti ṣe ẹrú rí, bàbá?"

"Ẹni tí ó ti ṣe ẹrú rí."

Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi dé Ẹpẹ́tẹ̀dó. Àwọn tí ó ti Ẹ̀pẹ́ padà dé ní 1862 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó. Agbo ilé mọ́kànlélógún ni ó wà ní abẹ́ Òṣòdì kí ó tó kú ní 1868. (Ibẹ̀ náà ni Abíọ́lá ti kéde ara rẹ̀ ní ààrẹ ní 1994, ṣùgbọ́n ìyẹn tó ìrìn mìíràn.) Bàbá tún rán wa létí pé Tápà ni ó ni Ìgunnu tí àwọn ọmọ Èkó ń sá tẹ̀lé kiri. Ní òpópó tí ó ń jẹ́ orúkọ ọkùnrin náà, ọmọ náà dúró, ó ka pátákó rẹ̀ sókè ketekete. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ní, "Èèyàn yín nìyẹn o." N kò gbọ́ yẹ̀yẹ́ nínú ohùn rẹ̀.

Nígbà tí a ń padà lọ, "Òṣòdì! Òṣòdì!" ni agbèrò ń ké. Wọ́n wó ọjà ibẹ̀ ní 2009, wọ́n wó Owónífàrí ní 2016, wọ́n ṣí ibùdókọ̀ ńlá ní 2019. Orúkọ ẹrú ọba yìí ni a ṣì fi ń pe gbogbo rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé mo wí fún kíláàsì pé irọ́ ni mo pa fún wọn. Mo ní kí wọ́n fa ìlà sí orí ọ̀rọ̀ náà, ọdẹ. Mo wá fún ọmọ náà ní ẹfun, mo ní kí ó wá kọ èyí tí ó tọ́ sí ojú pátákó.