Ẹni Tí Yóò Gbọ́ Ikọ́

Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún 20, ọkùnrin gíga ni mò ń wá. Kó dúdú, kó mọ aṣọ wọ̀, kí àwọn ọ̀rẹ́ mi rí i kí wọ́n sì jowú mi. Mo rí ọ̀kan. Ó ga lóòótọ́. Ohun tí mo rántí nípa rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ.

Nígbà tí mo fi máa pé 29, ohun tí mo kọ́kọ́ ń bi ọkùnrin ni genotype rẹ̀. Foníkú-fọládìde ló pa àbúrò mi, èmi náà sì jẹ́ AS. Kí àwọn òbí wa tó fẹ́ra, àwọn ẹbí ṣèwádìí: ṣé kò sí wèrè, ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀ tàbí wárápá nínú ìdílé? Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Bí AS bá sì fẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan ló ní ewu 1 nínú 4 pé ọmọ náà yóò jẹ́ SS. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ẹnì kan tí mo fẹ́ràn gan-an, tí mo fẹ́ ẹni tó jẹ́ AA. Ìfẹ́ tiwa rọra dé lẹ́yìn náà ni.

Mo rò pé mo ti mọ ohun tí ènìyàn ń wá nínú ìgbéyàwó, àfi ìgbà tó di èṣín tí Mọ́mì, ẹni ọdún 67, pe àwa ọmọ jọ sílé ní Ìbàdàn. Dádì ti kú láti bí ọdún 6. Wọ́n ní bàbá kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí àwọn méjèèjì fẹ́ fẹ́ra.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Mọ́mì, kí lẹ tún ń wá? Ilé wà, a sì ń fowó ránṣẹ́." Tèmi ló burú jù: mo béèrè bóyá wọ́n ti gbàgbé Dádì ni.

Wọn ò bínú. "Ẹni tó máa kọ́lé, tó máa rán ọmọ nílé ìwé, ni mo wá nígbà yẹn. Dádì yín sì ṣe é. Ní báyìí, bí mo bá wúkọ́ lóru, ògiri ló ń gbọ́."

Mi ò lè dáhùn. Ọjọ́ Àìkú nìkan ni mo máa ń pè wọ́n, kì í sì í ju ìṣẹ́jú 10 lọ.

Wọ́n ti ṣègbéyàwó báyìí. Ẹ̀gbọ́n mi kò wá. Èmi lọ, mo sì kúnlẹ̀ kí bàbá náà. Wọ́n kúrú, etí ọ̀tún wọn kò sì gbọ́rọ̀. Mo yọ́ sọ ti etí náà fún Mọ́mì. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

"Ọwọ́ òsì wọn ni mo máa ń sùn sí."