Ẹkún Ọya

Odò Ọya o! Aya Ṣàngó, ìyá ọmọ mẹ́sàn-án, mo wá sunkún rẹ. O ò tíì kú, o ṣì ń ṣàn. Ẹni tí wọ́n ń pa díẹ̀díẹ̀, tí ọmọ bíbí inú rẹ̀ ń mú ọ̀bẹ dání, òun ni mò ń sunkún.

Orí òkè ní Gínì lo ti gbéra. Òkun ò jìnnà síbẹ̀, o kẹ̀yìn sí i, o forí lé aṣálẹ̀, o rin 4,180 kìlómítà kí o tó fojú kan òkun. Láti apá òkè rẹ ni wọ́n ti lúgọ dè ọ́: awawúrà ń tú ìsàlẹ̀ rẹ ní Gínì àti ní Mali, wọ́n ń fi mákúrì mú wúrà, ẹja ń gbé oró mì.

Ní 1968 ni wọ́n parí ìdídò Kainji ní Nàìjíríà. Bussa àtijọ́, níbi tí Mungo Park, òyìnbó arìnrìn-àjò, kú sí ní 1806, wọ inú omi lọ. Èèyàn tó lé ní 40,000 palẹ̀ ẹrù mọ́, wọ́n fi oórì bàbá wọn sílẹ̀ fún ẹja. Ẹrẹ̀ ọlọ́ràá tí o máa ń gbé lọ bọ́ ilẹ̀ àkúrò ń sùn lẹ́yìn ògiri. Apẹja ìsàlẹ̀ odò fa àwọ̀n, àwọ̀n fúyẹ́. Bí a ti ń sunkún náà là ń ríran: iná Kainji ni mo tàn tí mo fi ń kọ ẹkún yìí, lọ́jọ́ tí iná bá wà.

Bẹ́núé pàdé rẹ ní Lọ́kọ́ja, òun náà ru ẹ̀dùn tirẹ̀ wá. Kámẹ́rúùnù parí ìdídò Lagdo ní 1982. Èyí tó yẹ kí Nàìjíríà kọ́ sí Dasin Hausa láti gba omi náà dúró, wọn ò kọ́ ọ. Omi dé ní 2012, omi tún dé ní 2022, ẹ̀mí tó lé ní 600 lọ sí ti 2022 nìkan jákèjádò Nàìjíríà. Òjò pọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ní Ọya ló ń bínú! Ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ.

Ìsàlẹ̀ ló wá burú jù, Ọya, níbi tí o ti ń ya bí ọmọ ìka lọ sókun. Láti 1956 tí wọ́n ti rí epo ní Oloibiri ni ilẹ̀ ibẹ̀ ò ti sinmi. Ní 2011, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yẹ ilẹ̀ Ogoni wò. Ní Ogale, ìlú kan níbẹ̀, epo léfòó lórí omi abẹ́ ilẹ̀, ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 8. Nínú kànga tí wọ́n ń mu, benzene, májèlé tí ń fa jẹjẹrẹ, fi ìlọ́po 900 ju ìwọ̀n tí àjọ ìlera àgbáyé fàyè gbà. Wọ́n mọ̀ pé omi náà ń rùn. Òun náà ni wọ́n ń pọn, òun ni wọ́n fi ń sebẹ̀, òun ni wọ́n fi ń wẹ ọmọ.

Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní ìfọ̀mọ́ ilẹ̀ Ogoni lè gba ọdún 25 sí 30. Ó di 2016 kí ìjọba tó ṣí iṣẹ́ náà tìlù tìfọn. Ọmọ tí wọ́n bí ní Ogale lọ́dún àyẹ̀wò yẹn á ti bímọ tirẹ̀ kí kànga ilé bàbá rẹ̀ tó ṣeé mu.