Ìtọ́jú Adìẹ Tó Fara Pa

Adìẹ ìbílẹ̀ ní Òkè-Ọ̀dàn, ní ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Yewa, kì í gbé inú àgò lọ́sàn-án. Ẹ̀yìnkùlé àti etí títì ló ti ń jẹ̀. Ibẹ̀ náà ni ajá, àṣá tàbí ọ̀kadà ti ń ṣe é léṣe.

Yíyà á sọ́tọ̀ ló ṣáájú, nítorí adìẹ tó bá rí ẹ̀jẹ̀ lára ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò máa ṣá ojú ibẹ̀ jẹ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, aṣọ mímọ́ ni wọ́n ń fi tẹ ojú ọgbẹ́ títí yóò fi dá. Lẹ́yìn náà, wọn á gé ìyẹ́ tó yí i ká, wọn á fi omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ ọ́, wọn á sì fi ojúlówó oyin ra á, torí oyin kì í jẹ́ kí kòkòrò àrùn gbilẹ̀. Eṣinṣin kò gbọ́dọ̀ bà lé e, kí ìdin má baà wọ̀ ọ́.

Ẹsẹ̀ tó bá ṣẹ́ ń fẹ́ pẹlẹbẹ igi méjì tí wọ́n fi aṣọ dì mọ́ ọn; bí ìka bá wú, ìdì náà ti le jù. Egungun náà máa ń tó ọ̀sẹ̀ 3 kó tó so. Omi tútù àti ògì kò gbọ́dọ̀ jìnnà sí i.

Ọrùn tó lọ́ láìsí ọgbẹ́ lè jẹ́ àmì àrùn Newcastle, tó máa ń ran àwọn yòókù. Dókítà ẹran ni kó wò ó. Bí dókítà bá fún un lóògùn, ẹyin rẹ̀ kò ṣeé jẹ títí ọjọ́ tó dá yóò fi pé.