Inú Tó Ń Run, Inú Tó Bàjẹ́

Inú ló kọ́kọ́ ń run mí. Mowe ni mò ń gbé, sọ́fítíwíà ni mò ń kọ jẹun, iléeṣẹ́ tó gbà mí sì wà ní Èkó. Lọ́jọ́ tí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́, aago mẹ́rin ìdájí ni mo máa ń jí, kí n lè kọjá Ibafo kí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀. Tí bọ́ọ̀sì bá ti dúró gbagidi lójú títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, inú mi á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ mí. Àìmọye ìgbà ni mo bẹ dírẹ́bà pé kó jẹ́ kí n bọ́ sílẹ̀, kí n lè sáré wá ibi tí mo máa yà sí. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o.

Ní kẹ́mísì, wọ́n ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Aládùúgbò mi ní taífọ́ọ̀dù ni. Mo mu àgbo, mo lo oògùn aràn, mo pa gàrí àti ẹ̀wà tì. Mo ṣe àyẹ̀wò ìgbẹ́ àti ẹ̀jẹ̀, wọn ò rí nǹkan kan. Ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé mi ò rí oorun sùn mọ́, pé iṣẹ́ tí mo lè parí ní wákàtí kan ti ń gbà mí lọ́jọ́ mẹ́ta, pé tí fóònù bá dún, ńṣe ni mo máa ń wò ó títí tó fi máa dákẹ́. Inú rírun ní oògùn. Ta lèèyàn fẹ́ sọ fún ní kẹ́mísì pé ayé sú òun?

Ọjọ́ Sátidé kan ni mo lọ kí màmá mi ní Ifo. Wọ́n ro àmàlà, wọ́n se ewédú. Òkèlè méjì ni mo jẹ. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ọkọ mi, ṣé inú ń run ẹ́ ni, àbí inú ẹ bàjẹ́?"

Mo ní, "Màámi, méjèèjì ni." Ni ẹkún bá gbọ̀n mí.

Nígbà tí mo ní mo fẹ́ rí dókítà tó ń wo ọkàn, wọ́n ta gìrì. "Àró kẹ̀?" Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń fi orúkọ Àró bú èèyàn nílẹ̀ wa. Mo wá sọ fún wọn pé láti 1954 ni Dókítà Adéoyè Lámbò ti ń jẹ́ kí àwọn aláìsàn Àró, l'Ábẹ́òkúta, máa gbé láàárín àwọn ará abúlé tó wà nítòsí, tí ẹbí kan á sì wà pẹ̀lú wọn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Èmi náà á bá ẹ lọ nígbà yẹn."

Àwa méjèèjì la jọ lọ sí ilé ìwòsàn kan. Dókítà ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni, ó fún mi ní oògùn tó ń ṣiṣẹ́ lórí serotonin, ó sì ní kí n máa wá bá òun sọ̀rọ̀.

Ẹ mọ àwa tá à ń kọ kóòdù, a kì í lo ohun tí a ò tú wò. Láàárín 1930 sí 1940, Vittorio Erspamer, onímọ̀ ará Ítálì, rí èròjà kan nínú ìfun tó ń mú kí iṣan ibẹ̀ sún kì. Ní 1948, àwọn onímọ̀ ní Cleveland l'Ámẹ́ríkà yọ èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n pè é ní serotonin. Ní 1952, ó hàn pé ọ̀kan náà ni méjèèjì. Ẹ̀yìn ìyẹn, ní 1953, ni Betty Twarog àti Irvine Page kéde pé ó wà nínú ọpọlọ pẹ̀lú. Títí dòní, nǹkan bíi 90 nínú 100 serotonin ara wa, inú ìfun ló wà, ibẹ̀ ló ti ń darí bí oúnjẹ ṣe ń rìn.

Mo ní ó parí! Tí mo bá ti tún ikùn ṣe, orí á tò. Irọ́ ni. Serotonin inú ìfun kì í kọjá sínú ọpọlọ. Ọpọlọ ń ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ní ká máa jẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ò lè gbé serotonin tirẹ̀ débẹ̀. Ohun tó so ikùn àti ọpọlọ pọ̀ ni iṣan bíi vagus, tí wọ́n ń gbà ránṣẹ́ síra wọn tọ̀sán-tòru. Ní 2022, Joanna Moncrieff àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ, wọ́n ní àwọn ò rí ẹ̀rí tó dúró pé àìtó serotonin ló ń fa ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Oògùn yẹn ń ran ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́, ó ràn mí lọ́wọ́, àmọ́ ara kì í ṣe táǹkì tó gbẹ tí a kàn ń rọ omi sí. Kódà ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, èébì ló ń gbé mi. Ikùn ló kọ́kọ́ gbọ́ pé oògùn dé.

Ó wù mí kí n sọ pé àwọn baba wa ti mọ gbogbo èyí, nítorí inú la fi ń dùn, inú la fi ń bí, inú náà ló ń bàjẹ́. Mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà yìí ló bò mí mọ́lẹ̀ fún odidi ọdún kan: mo ní inú, kẹ́mísì gbọ́ ìfun. Àmọ́ òun náà ló jẹ́ kí màmá mi rí ìbéèrè bi mí láìpè mí ní wèrè.

Tí inú bá ń run ẹ́, tí àyẹ̀wò ò rí nǹkan kan, tí oorun sì ti sá, jọ̀ọ́, sọ méjèèjì fún dókítà.

Inú ṣì máa ń lọ́ mi ní Ibafo nígbà míì. Ní alẹ́, Màámi á pè: "Inú ńkọ́?" Tẹ́lẹ̀, "A dúpẹ́" ni mo máa ń sọ. Ní báyìí, mo máa ń ní, "Èwo nínú méjèèjì, Màámi?" Wọ́n á ní kí n bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó ń dùn mí jù.