Ojú Lalákàn Fi Ń Ṣọ́rí: Mítà Afẹ́fẹ́ àti Epo nínú Ọkọ̀ Eré Ìje

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Lórí pápá eré ìje ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọkọ̀ méjì ti máa ń figa gbága lójú ọ̀nà gbọọrọ tí kò ju ìdámẹ́rin máìlì lọ, ojú alákàn yìí ni mítà kékeré kan tí ó wà níwájú awakọ̀. Ohun tí ó ń kà ni ìwọ̀n afẹ́fẹ́ sí epo tí ẹ́ńjìnnì ń jó. Ẹni tí ó bá fi gáàsì náítírọ́ọ̀sì kún agbára ọkọ̀ rẹ̀ láìní mítà yìí, ó di ojú sáré ni.

Gáàsì náítírọ́ọ̀sì kì í ṣe epo. Òun kan náà ni àwọn dókítà ń fún aláìsàn fà símú kí ìrora lè dínkù. Àwọn ará Jámánì fi sínú ọkọ̀ òfurufú ogun wọn nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, nítorí pé afẹ́fẹ́ kò pọ̀ lókè réré. Bí ó bá dé inú ẹ́ńjìnnì gbígbóná, yóò tú ọ́síjìn rẹ̀ sílẹ̀. Bí a bá fi ìwúwo wọ̀n ọ́n, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ tí à ń mí jẹ́ nǹkan bí ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti inú gáàsì yìí tó ìdá 36. Ọ́síjìn púpọ̀ sì ń béèrè epo púpọ̀. Bí epo náà bá dé, agbára dé. Bí kò bá dé, ìparun ni.

Kí bẹntiróòlù tí a kò po ọtí mọ́ tó lè jó tán pátápátá, ó nílò afẹ́fẹ́ tí ìwúwo rẹ̀ tó ìlọ́po 14.7 ti epo náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí awakọ̀ bá tẹ iná ọkọ̀ mọ́lẹ̀ tí gáàsì sì ṣí, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń fẹ́ kí mítà ka nǹkan bíi 11.5 sí 12.5, kí epo lè pọ̀ díẹ̀, kí ó sì bá wọn tu ẹ́ńjìnnì lára. Bí nọ́ńbà náà bá ń gòkè lọ sí 13 tàbí 14, epo ti ń wọ́n. Pọ́ǹpù epo tí ó ti ń rẹ̀, asẹ́ tí ó dí, tàbí ìgò gáàsì tí oòrùn ti mú gbóná jù lè fà á. Ooru yóò gorí ooru, epo yóò bú gbàù ṣáájú àsìkò rẹ̀, orí písítìnì yóò sì yọ́ bí òrí inú oòrùn.

Síbẹ̀, mítà náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Sẹ́ńsọ̀ àtijọ́ irú èyí tí Bosch ṣe fún ọkọ̀ Volvo ní 1976 kò ríran dáadáa ju àyíká 14.7 lọ, èyí tí ó lè ka ìwọ̀n gbígbòòrò ni eré ìje ń fẹ́. Èyí náà sì wà nínú páìpù sáléńsà, níbi tí èéfín gbogbo sílíńdà ti pàdé, nítorí náà àròpọ̀ wọn ni ó ń kà. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Sílíńdà kan lè máa kú lọ kí nọ́ńbà ṣì dára lójú. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà mẹkáníìkì fi ń yọ pílọ́ọ̀gì lẹ́yìn eré, tí wọ́n sì ń yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé ojú awakọ̀ wà lọ́nà, kò sí lára mítà. Kí ó tó rí ewu kí ó sì gbé ẹsẹ̀, ẹ́ńjìnnì ti lè fọ́, òróró rẹ̀ sì ti lè dà sábẹ́ táyà, kí ọkọ̀ máa yọ̀ lórí eré burúkú. Nítorí náà ni àwọn ọlọ́gbọ́n ṣe ń so mítà mọ́ ẹ̀rọ tí yóò ti gáàsì pa fúnra rẹ̀ bí nọ́ńbà bá ti kọjá ààlà.

Ẹ̀kọ́ ńlá nìyí fún ẹnikẹ́ni tí ń ṣọ́ ohun ẹlẹgẹ́. Kí a rí ewu kò tó. Kí ohun tí yóò dá a dúró ti wà ní sẹpẹ́ kí ó tó dé.